Iná Ọ́ìlì Tó Kọ̀ Tí Kò Kú

Fọlá Àgòrò,
Ṣómólú.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Oyèrónkẹ́, Àdùkẹ́ mi,

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ gèlè ìsìn ni, mi ò tíì jẹun. Bàbá rẹ ní kí n jẹun ná kí n tó jókòó ti ìwé. Mo ní rárá, bí mo bá jẹun lé ohun tó wà lọ́kàn mi yìí lórí, oorun ni yóò gbé e lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá kó bébà fún mi láti ibi ìtẹ̀wé rẹ̀, àwọn etí bébà tí wọ́n gé kù lára ìwé ìkésíni. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi rí tóóró bí ìgbànú. Má rò pé ìyá rẹ ti ya aláhun.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé yàrá tí o gbà ní Òṣogbo kò jò? Ṣé o ń jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́, àbí tíì àti búrẹ́dì náà lo ṣì ń fi tan ara rẹ jẹ? Ara èmi àti bàbá rẹ le, a dúpẹ́.

Ìpè méjì tí o pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ̀wé. Nínú ti àkọ́kọ́, o kò tilẹ̀ kí mi dáadáa tí o fi bẹ̀rẹ̀: "Màámi, ẹ gbọ́ o, ọkùnrin yẹn ti jí mi ní ọ́ìlì!" O ní iná yẹ́lò kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, o sì gbé e lọ bá Bàbá Rájí, mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn iléeṣẹ́ yín, pé kó bá ọ pààrọ̀ ọ́ìlì. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó ní bí o bá wà á díẹ̀, iná náà yóò kú. Ilẹ̀ mọ́, iná ṣì ń tàn bí ojú ológbò. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́ìlì dúdú tó fà jáde ló dà padà fún ọ. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ ọlọ́pàá, pé yóò bá ọ débẹ̀.

Mo la ẹnu láti sọ pé, "Rónkẹ́, dúró," ni kàádì rẹ bá tán. Mo sáré jáde lọ ra kàádì tèmi. Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbà, o kò gbé e mọ́. Mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé. Mo ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé, "Olúwa, má jẹ́ kí ọmọ yìí fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

Lẹ́yìn náà ni ìpè kejì wá, ohùn rẹ ti balẹ̀. O ní o dá lọ ni. O ní o kí i, o béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, o wá sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, iná yìí ò kú." Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ rẹ, kò sí ọlọ́pàá. O ní òun fúnra rẹ̀ ló fa gééjì ọ́ìlì yọ, tó nù ún, tó tún tì í bọnú, tó sì fi hàn ọ́: ọ́ìlì mímọ́ gaara bí òróró ẹ̀pà. Ojú tì í, nítorí kò mọ ìdí tí iná náà kò fi kú, àwọn ará iléeṣẹ́ yín sì dúró lẹ́bàá ọgbà, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ẹlẹ́wọ̀n. Ìgbà náà lo sọ fún un pé: "Bàbá, mo gbà yín gbọ́. Màámi ló máa mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ ni wọ́n ní Ṣómólú, àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n ń gbé."

Rónkẹ́, o bi mí bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, nítorí mi ò fèsì. Kò lọ o. Etí ìró mi ni mo fi ń nu ojú.

Ìwọ náà kò ní gbàgbé. Nígbà tí o wà ní kíláàsì kékeré ní girama, o máa ń ní kí n já ọ sílẹ̀ ní ìyànà tó ṣáájú iléèwé. O ní o fẹ́ rìn díẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìrìn lo fẹ́ rìn. O kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ rí i pé ìyá rẹ ni obìnrin tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ kiri. Mi ò bá ọ wí lórí rẹ̀ rí, ọmọdé ni ọ́. Mo já ọ sílẹ̀ níyànà, mo sì ń fi dígí wo ẹ̀yìn rẹ títí o fi wọlé. Ẹ wá wo ọmọ kan náà lónìí, tó dúró láàárín àwọn tó kàwé, tó ń fi iṣẹ́ ìyá rẹ̀ gbéra ga! Kò sí ẹ̀bùn tí o lè fi owó oṣù rẹ rà fún mi tó máa tó ìyẹn.

Nítorí náà, jókòó, kí o fara balẹ̀ kà á. Mo fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa iná náà, mo sì fẹ́ sọ ohun tí irú iná yẹn fi ojú Wàsíù, mẹkáníìkì mi, rí. O wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún ọ.

Èkíní, kí n tó gbàgbé: iná pupa yàtọ̀ sí iná yẹ́lò. Ẹ̀kọ́ yìí ná mi ní odidi ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọkọ̀ wà, a kò tíì bí ọ, bàbá rẹ ní ọkọ̀ kékeré kan tó máa ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kan, mo ń bọ̀ láti Igbóbì, iná pupa kan tàn níwájú mi, àwòrán rẹ̀ dà bí búútà táwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá, nǹkan sì ń kán tó-tó-tó lẹ́nu rẹ̀. Èmi rò pé omi ló ń béèrè. Mo ní ó dáa, bí mo bá délé màá bu omi fún un. Mi ò délé. Ọkọ̀ náà ké kọ̀kọ̀kọ̀, ó gbọ̀n rìrì, ó dákẹ́. Bàbá rẹ kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé iná ò tàn ni?" Mo ní ó tàn. Ó ní, "Kí lo wá rò pé ó ń wí?" Mo ní omi. Rónkẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sì lówó tí yóò fi ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Nítorí náà, bí iná pupa oníbúútà yẹn bá tàn níbi tí o ti ń wa ọkọ̀, kúrò lójú títì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pa ẹ́ńjìnnì, kí o sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Má sọ pé ilé kò jìnnà mọ́. Èkejì rẹ̀, yẹ́lò, kì í pani lójijì. Agogo iléèwé ni yẹ́lò. Agogo kò mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ti mọ ìṣirò tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n, ó kàn mọ̀ pé àkókò ti tó. Iná yẹ́lò kò rí inú ẹ́ńjìnnì, kò mọ̀ bóyá ọ́ìlì dúdú ni àbí tuntun. Ó kàn ń ka bí ọkọ̀ ṣe rìn jìnnà tó ni. Bí o bá pààrọ̀ ọ́ìlì tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, yóò máa ké lọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà nìyẹn, ohun tó sì fẹ́ ba ayé Wàsíù jẹ́ nìyẹn.

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni. Èmi àti bàbá rẹ ta ọkọ̀ àtijọ́, a sì ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ tí mo ṣì ń wà títí dòní. Inú mi dùn, ọmọ tí mo ń gbé pọ̀ sí i, ariwo wọn nínú ọkọ̀ láàárọ̀ dà bí ilé ẹyẹ ẹ̀gà. Nígbà tó yá, iná yẹ́lò tàn. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá Wàsíù ní Ladi-Lak. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà náà, àtíbàbà kan ló ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Mo dúró tì í títí ó fi fa ọ́ìlì dúdú jáde, tó pààrọ̀ fíítà tó ń sẹ́ ọ́ìlì, tó sì da tuntun sí i. Iná kò kú. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ kó rìn díẹ̀, á kú." Mo gbà.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ gbé àwọn ìbejì kan tó máa ń jókòó níwájú pẹ̀lú mi. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ńlá kan ní Erékùṣù Èkó, ẹni tí àdúgbò ń fetí sí ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé láti gbé abọ́ oúnjẹ fún Kẹ́hìndé, ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí iná náà.

"Ìyá Rónkẹ́, iná wo lèyí?"

"Ti ọ́ìlì ni, Bàbá Ìbejì. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

"Ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ó ṣì ń tàn? Wọ́n ti lù yín ní jìbìtì nìyẹn. Ta ló bá yín ṣe é?"

"Wàsíù ti Ladi-Lak ni. Ṣùgbọ́n mo dúró tì í, ìṣojú mi ló ṣe é."

"Wọ́n lè fọwọ́ gbé e lójú yín kẹ́ ẹ má mọ̀. Ọkọ̀ yìí lè kú sórí afárá pẹ̀lú ọmọ nínú." Ó ṣílẹ̀kùn, ó kó àwọn ìbejì sọ̀kalẹ̀. "Ẹ má bínú. Títí ẹ ó fi tún un ṣe, èmi ni màá máa gbé wọn."

Èmi kò lè bínú sí i, bàbá ọmọ ni. Ṣùgbọ́n kò fi mọ níbẹ̀. Ó sọ ọ́ nípàdé àwọn onílé àdúgbò pé kí oníkálùkù ṣọ́ra fún Wàsíù, olè ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn òbí mìíràn ti yọ ọmọ wọn. Mo ń wa bọ́ọ̀sì ńlá kiri pẹ̀lú ọmọ díẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ inú rẹ̀ ń dẹ́rù bà mí. Ní Ladi-Lak náà, ẹni tó ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún Wàsíù wá gbé e lọ láì tíì tún un ṣe tán.

Ẹnìkan ládùúgbò ní kí n kó àwọn ọmọ ìta lọ bá a. Mo ní mi ò ṣe. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo dá lọ.

Orí táyà ló jókòó sí. Kò dìde kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ̀yin náà gbà pé mo jí ọ́ìlì yín?"

Mo ní, "Bí mo bá gbà bẹ́ẹ̀, mi ò ní dá wá."

Ó dìde bí ẹni pé wọ́n bu omi tútù sí i lára. Ó fọ bàsíà funfun kan, ó nù ún, ó gbé e sábẹ́ ọkọ̀, ó sì tú ìdérí ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó wá ń ké sí àwọn ará àdúgbò, "Ẹ wá wò ó! Gbogbo yín, ẹ wá wò ó!" Wọ́n wá. Ọ́ìlì náà ń ṣàn jáde, ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí o fi lè rí ìdí bàsíà. Àwọn kan gbà pé tuntun ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan lanu, ó ní, "Bó bá jẹ́ tuntun lóòótọ́, kí ló dé tí iná ò fi kú?" Èmi kò mọ̀, Wàsíù kò mọ̀. Wọ́n tú ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Wàsíù sì fọwọ́ bo ojú.

Riwáyà kan wà nítòsí, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó sún mọ́ wa, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Kí lẹ ń dààmú fún? Ẹ jẹ́ kí n yọ gílóòbù ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan mọ́, àwọn ọmọ á padà sọ́kọ̀ yín, gbogbo ẹ̀ parí."

Rónkẹ́, ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Mo wo Wàsíù, mo rò pé òun ni yóò kọ́kọ́ gbà, nítorí orúkọ rẹ̀ ló ń jóná. Ó mi orí. "Rárá o. Lọ́jọ́ tí ọ́ìlì bá wá bàjẹ́ lóòótọ́, ta ló máa sọ fún Mọ̀mí? Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń gbé."

Mo wo ọmọkùnrin yẹn bí ẹni pé mi ò rí i rí. Iná kékeré kan fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, ó sì kọ̀ láti purọ́ pa á. Mo ní, "Da ọ́ìlì náà padà sínú ẹ́ńjìnnì, kí o wọkọ̀. Àwa méjèèjì la jọ máa wá ẹni tó mọ̀ ọ́n."

A wá a lóòótọ́. A lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Bàrígà, ẹni tí a bá bi ní ká ra èyí, ẹlòmíì ní ká ra ìyẹn. Ó ti sú mi, mo ti ń yí ọkọ̀ padà nítòsí ilé ìwòsàn ní Igbóbì, ni Wàsíù bá figbe ta: "Mọ̀mí, ẹ dúró! Irú ọkọ̀ yín nìyẹn!" Bọ́ọ̀sì kan tó jọ tiwa bí ìbejì ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Kí n tó pa ẹ́ńjìnnì, Wàsíù ti bẹ́ sílẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin náà. Ìyẹn fà sẹ́yìn, ó di báàgì rẹ̀ mú, ó rò pé alágbe ni. Mo sáré débẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà lẹ fi ń sáré kiri?" Ó ní òun àti ọkọ̀ òun jọ bọ̀ láti òkè òkun ni, òun ti wà á níbẹ̀ pẹ́. Ó wọ ọkọ̀ wa, ó tẹ bọ́tìnnì kékeré kan, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì ń dúró. Iná náà ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, ó kú.

Wàsíù ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ṣàlàyé ẹ̀." Obìnrin náà ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún ọ, pé ìrìn ló ń kà, pé ẹni tó bá pààrọ̀ ọ́ìlì ló gbọ́dọ̀ sọ fún un kó bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun. Wàsíù ní, "Mi ò mọ̀." Obìnrin náà ní, "O ti mọ̀ ọ́n báyìí." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. A kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a ń padà, Wàsíù ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Mo wa ọkọ̀ lọ tààrà sílé Bàbá Ìbejì. Ó yọjú wò ó. "Ẹ̀n-ẹ́n, ṣé ẹ ti rí i? Wọ́n ti wá da ọ́ìlì gidi sí i."

Mo ní, "Ọ́ìlì ọjọ́sí náà ni." Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ máa bọ̀ wá gbé àwọn ìbejì lọ́la."

Ohun tí mo sọ lẹ́yìn náà, mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu sọ ọ́, nítorí mo nílò owó àwọn ìbejì yẹn. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì dúró ná. Ẹnu tó pe Wàsíù ní olè láàárín ìpàdé, kò tíì pè é ní nǹkan mìíràn."

Ó wò mí. Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Mo sọ fún bàbá rẹ nílé pé mo ti fi ẹnu ara mi lé oníbàárà lọ. Ó ní, "Bó bá lọ, kó máa lọ. Ẹnu rẹ kò ṣe àṣìṣe lónìí."

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, mo wà ní Ladi-Lak níbi tí Wàsíù ti ń bá mi wo bíréèkì. Ọkọ̀ Bàbá Ìbejì rọra yà wọlé. Riwáyà yẹn sọ irin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Bàbá Ìbejì sọ̀kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na kọ́kọ́rọ́ sí Wàsíù níṣojú gbogbo wa. Ó ní, "Wàsíù, bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì tèmi náà. Mi ò ní dúró tì ẹ́."

Ó sọdá sí òdì kejì títì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ó kẹ̀yìn sí wa. Kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan títí Wàsíù fi lọ pè é. Kò sọ pé kó má bínú. Kò sí ẹni tó retí rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ohun tí ojú wa rí. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni ọkọ̀ ti ń padà sí àtíbàbà Wàsíù, àwọn ẹ̀gà mi náà sì padà sínú bọ́ọ̀sì. Ṣọ́ọ̀bù gidi ni Wàsíù ní báyìí. Nígbà tí mo sọ ohun tí o ṣe ní Òṣogbo fún un lánàá, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ni ọ́ lójú òun.

Ṣé o wá rí ìdí tí mo fi sunkún sórí fóònù? Ohun tó gba ọ̀pọ̀ àgbà ní ìtìjú àti ìrìn káàkiri, ìwọ fi ìkíni kan ṣoṣo yanjú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìtàn yìí fún ọ tán, síbẹ̀ o ṣe é. Ọ̀rọ̀ ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ló ń yọ ọfà lápó. Obì lo yọ, ọmọ mi.

Ó dáa, ó ku bí a ṣe ń pa á. O ní àbúrò bọ́ọ̀sì tèmi ni ọkọ̀ rẹ, ọ̀nà kan náà ni yóò jẹ́. Kọ́kọ́ wo gééjì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí ó dá ọ lójú pé ọ́ìlì mọ́, ó sì tó. Má pa iná náà láé láìjẹ́ pé o ti pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹni tó ń pa á lásán dà bí ẹni tó ń pa agogo lẹ́nu mọ́ kó lè máa sùn lọ.

Lẹ́yìn náà, yí kọ́kọ́rọ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, ṣùgbọ́n má ta ẹ́ńjìnnì. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó ń ka ìrìn ọkọ̀. Tẹ̀ ẹ́ títí àpapọ̀ ìrìn ọkọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é yóò fi hàn. Kì í ṣe ti ìrìn kúkúrú tó ní A tàbí B lẹ́gbẹ̀ẹ́ o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Yí kọ́kọ́rọ́ padà, kí gbogbo iná kú. Wàyí o, tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀, má sì jù ú sílẹ̀. Bí ìka rẹ ṣe wà lórí rẹ̀, tún yí kọ́kọ́rọ́ kí iná tàn, láì ta ẹ́ńjìnnì. Yẹ́lò náà yóò máa ṣẹ́jú. Ìka yóò fẹ́ ro ọ́, fara dà á. Ìgbà tó bá kú ni kí o tó jù ú sílẹ̀. Ta ẹ́ńjìnnì wò. Bó bá tún tàn, má bínú, bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí A lo ti ṣe é.

Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n fẹ́ràn rẹ ni wọ́n ṣe fẹ́ pe ọlọ́pàá, ìfẹ́ tí kò ní sùúrù ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ń wò ọ́ bí ẹni fẹ́ fẹ́ ọ, má tíì dá a lóhùn títí wàá fi rí i lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Bó ṣe bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni yóò ṣe máa bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ọbẹ̀ rẹ bá jóná. Bàbá rẹ ń kà á lẹ́yìn mi, ó ní òótọ́ ni, kí n má fà á gùn mọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ló wúwo jù lọ́kàn mi. Má dá iná náà pa nílé. Gbé ọkọ̀ lọ bá Bàbá Rájí ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn ará iléeṣẹ́ yín bá jáde wá jẹun. Kúnlẹ̀ kí i. Má ṣe bí olùkọ́, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Sọ fún un pé, "Màámi kí yín, wọ́n ní báyìí ni kí ẹ ṣe é." Fún un ní kọ́kọ́rọ́, kó jókòó sí ìjókòó awakọ̀, kí ìwọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o máa kà á fún un nínú bébà yìí jẹ́jẹ́, kí ohùn rẹ má jáde. Jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Bí iná náà bá ti kú, sọ̀kalẹ̀, kí o wá gbé ohùn sókè báyìí, kí gbogbo àwọn tó dúró lẹ́bàá ọgbà lè gbọ́ ọ: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti bá mi ṣe é."

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìyá Rónkẹ́.